Ọkọ̀ alájíà tó ti dàgbà: ẹ bá wa dá sí i, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún mi ní Peugeot 504 wọn, alájíà ilẹ̀ tí èèyàn ń fi ọwọ́ pa jíà rẹ̀ dà, ọkọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú. Ọ̀tòmátíìkì ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà, òun náà ni mo sì ń wà títí di ìsinsìnyí. Mo fẹ́ máa gbé 504 yìí lọ síbi iṣẹ́ láti Ìlíṣàn, kí n gba Ìrólú já sí Àgọ́-Ìwòyè, nígbà mìíràn kí n dé Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti lè mú un gbéra, àmọ́ ó máa ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ bí ilẹ̀ bá ti dagun díẹ̀, bí mo bá sì fẹ́ bọ́ sí jíà kejì ó máa ń ta mí síwájú. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni kí tírélà dá wa dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọkọ̀ mìíràn wá lẹ̀ mọ́ mi nídìí. Báwo ni mo ṣe máa gbéra níbẹ̀ tí mi ò ní yí sẹ́yìn lu ọkọ̀ ẹlẹ́ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì dára? Kí ló yẹ kó máa wà nínú búùtù mi? Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Takisí, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, o kú oríire. Ẹsẹ̀ òsì tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà tó sì ń tú u, ni gbogbo iṣẹ́ ọkọ̀ alájíà wà. Ọwọ́ tó ń pa jíà dà kì í pẹ́ mọ ọ̀nà, ẹsẹ̀ ló máa ń pẹ́ kó tó gbọ́n.

Wá pápá tó tẹ́jú. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Sunday dára. Sítáàtì ọkọ̀, tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, fi sí jíà kìíní. Má tẹná, pẹ́dàlì ọ̀tún tó ń mú ọkọ̀ sáré, rárá. Fi gìgísẹ̀ rẹ ti ilẹ̀ ọkọ̀ kó má fò sókè, kó o wá máa gbé ìka ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ ìkòkò omi kalẹ̀ látorí. Ibì kan wà tí ohùn ẹ́ńjìnnì á rẹlẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì á gbórí díẹ̀, ọwọ́ rẹ tó wà lórí ọ̀pá jíà á sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan gbọ̀n. Ibẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú. Dá ẹsẹ̀ dúró síbẹ̀. Má já a sílẹ̀, má sì tẹ̀ ẹ́ padà. Wàá rí i pé ọkọ̀ á máa yọ́ lọ fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 504 lágbára tó láti gbé ara rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ láìsí iná kankan. Ṣe é, dúró, tún un ṣe, títí ẹsẹ̀ rẹ á fi mọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé o ń rò ó. Ìgbà yẹn ni kó o tó fi iná kún un. Ẹni tó bá fi iná kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú títí ayé, ńṣe ló máa ń fi ariwo ẹ́ńjìnnì bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀.

Ti jíà kejì tó ń ta ọ́ síwájú yẹn, ohun tó fà á ni pé eré ẹ́ńjìnnì àti eré táyà kò tíì bára mu nígbà tó o já ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bó o bá ti pa jíà dà, gbé kílọ́ọ̀ṣì dé ibi tó ti ń mú, dúró níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kó o fi í sílẹ̀ tán. Jíà kìíní kò wúlò ju kí ọkọ̀ fi gbéra lọ. Táyà bá ti yí dáadáa, bọ́ sí kejì. Tó bá tó nǹkan bí ogójì kìlómítà ní wákàtí, ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin di ọgọ́ta sókè. Àmọ́ etí rẹ ni kó o gbọ́ ju aago iwájú rẹ lọ, torí aago ọkọ̀ àgbà máa ń parọ́.

Nǹkan méjì péré ni mo tún fẹ́ kó o dì mú. Kílọ́ọ̀ṣì, bó o bá tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Bó o bá fi í sílẹ̀, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ pátápátá, gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Àwa tá a fi takisí jẹun nílùú yìí mọ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì láti Òkè-Ajé títí wọ́n á fi dé Ọ̀nà Ìbàdàn. Àwọn náà ni wọ́n máa ń sọ jíà kalẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn kí wọ́n tú gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀ láti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á ní mẹkáníìkì ló ń fi ayédèrú pátì sí i fún àwọn. Ìkejì, má máa gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà bó o bá ń lọ. Ìwúwo ọwọ́ yẹn ń ti irin tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì mọ́ra wọn, yóò sì jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú àlàyé, bàbá wa. Ẹ jẹ́ kí n mú ti òkè, torí òun ni mo ń bá yí lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ iwájú bá dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ fa hánbíréèkì, ẹ fi jíà sí fíríì, níbi tí kò ti sí nínú jíà kankan, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sinmi. Ẹ má sún mọ́ ọkọ̀ tó wà níwájú jù. Ó yẹ kí ẹ máa rí ibi tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan títì láti orí ìjókòó yín, torí tírélà fúnra rẹ̀ máa ń yí sẹ́yìn kó tó gbéra. Bó bá kàn yín láti lọ, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sí jíà kìíní, ẹ tẹná díẹ̀ kí ohùn ẹ́ńjìnnì dìde, kí ẹ wá gbé kílọ́ọ̀ṣì dé ibi tó ti ń mú tí bàbá wa sọ. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti 504 lọ, nítorí náà ẹ máa mọ̀ ọ́n ní ìdí yín pé ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Nínú Golf tèmi, imú ló máa ń gbé sókè. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ sọ hánbíréèkì sílẹ̀, kí ẹ sì fi iná kún un. Ọkọ̀ náà kò ní fi ìwọ̀n ìka kan yí sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé hánbíréèkì ọkọ̀ àgbà, ẹ dán an wò níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn yín. Ọ̀pọ̀ wọn, okùn ti fà, ẹ á fa á dé òkè tán kò ní mú nǹkan kan. Owó tí wọ́n fi ń tún un dì kò tó nǹkan. Ẹ sì ní igi tí wọ́n fi ń wẹ́jì táyà nínú búùtù, pàápàá bí ẹ bá máa ń gbé ọkọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Ẹ gba mí láyè kí n sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ yín ní bálánsì. Mo mọ̀ pé àwọn dẹrẹ́bà fẹ́ràn rẹ̀, kí wọ́n fi kílọ́ọ̀ṣì àti iná gbé ọkọ̀ dúró lórí òkè láìfa hánbíréèkì, kí ọkọ̀ máa lọ síwájú díẹ̀, kó máa padà díẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ṣe bíréèkì yẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n sì ń ṣe é ló ń jó. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn bíi ti ìwé tàbí rọ́bà tó ń jóná nínú gósìlóò, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín, ẹ máa rí ẹni tó ń bálánsì.

Dẹrẹ́bà Ṣàgámù

Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Àwa tá a ń ná Ìkòròdú mọ̀ ọ́n. Èmi á fi ti epo kún un: láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ẹni tó lè máa jó epo ṣòfò mọ́. Bí mo bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sí ìsàlẹ̀, fíríì ni mo máa ń fi sí, kí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ. Ó ń dín epo kù.

Bàbá Takisí, Ìjẹ̀bú-Òde

Dẹrẹ́bà Ṣàgámù, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ọmọ yìí níyẹn. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń dá a dúró, bíréèkì kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ nìkan. Bí ẹ bá ti fi sí fíríì, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ àti èrò inú rẹ̀ di ti bíréèkì, bíréèkì ọkọ̀ àgbà sì nìyẹn, tó máa ń gbóná tí kì í fi í mú mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá lọ kú nínú fíríì, agbára tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ lórí bíréèkì á tán lẹ́yìn títẹ̀ bíi mélòó kan, pẹ́dàlì á le koko. Epo tí ẹ fi pamọ́ kò tó owó páàdì bíréèkì kan. Ọ̀nà tí ẹ bá fi gun òkè, òun náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́: bó bá jẹ́ jíà kẹta ló gbé yín gòkè, jíà kẹta ni kó gbé yín sọ̀ kalẹ̀.

Mẹkáníìkì Ìpẹ̀rù

Bàbá ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti bí èèyàn ṣe ń mọ kílọ́ọ̀ṣì tó ti ń lọ, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń na owó síbi tí kò yẹ.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kí iwájú rẹ̀ ṣófo. Ẹ fa hánbíréèkì dé òkè, ẹ wẹ́jì táyà. Ẹ sítáàtì, ẹ fi sí jíà kẹta, kí ẹ wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú ẹsẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ń mú. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé ẹ ò fi í sí jíà kankan, ó ti ń yọ̀. Ẹ má ṣe é léraléra, ẹ̀ẹ̀kan tó. Lójú ọ̀nà, ẹ fi jíà kẹrin gun òkè kí ẹ tẹná. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń lọ sókè tí eré ọkọ̀ kò sì yí padà, ohun kan náà ni.

Àìsàn kejì yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, síbẹ̀ jíà ń han, kò fẹ́ wọlé, rìfáàsì sì ń ké ṣàà. Níbẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì kò tú tán ni. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ fún oníbàárà pé gíábọ́ọ̀sì ti bàjẹ́, wọ́n á sì tú u. Ẹ má gbà. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Omi bíréèkì ló ń ṣiṣẹ́ náà nínú 504, okùn ni nínú Ìjàpá (Volkswagen Beetle) àti Golf àtijọ́. Bó bá jẹ́ olómi, ẹ wo inú kọ́ọ̀bù rẹ̀ bóyá ó ti lọ sílẹ̀. Ẹ fi ìka tọ́ ẹ̀yìn pẹ́dàlì níbi tó ti wọ inú ògiri ẹ́ńjìnnì. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ wo sílíńdà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ ká rọ́bà orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Bí omi bá wà lábẹ́ rọ́bà yẹn, ẹ ti rí olè. Rọ́bà inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀, kí wọ́n sì tú afẹ́fẹ́ jáde. Bó bá jẹ́ olókùn, ó lè jẹ́ pé ó kàn fà ni, wọ́n á yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀. Kí pẹ́dàlì ní ìwọ̀n bí ìka kan tàbí ìka kan ààbọ̀ tó ń mì lásán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti nǹkan. Èyí tí kò ní àyè yẹn rárá, ó ń jẹ rìlíìsì bíárín, irin róbótó tó ń tú kílọ́ọ̀ṣì, láti àárọ̀ di alẹ́.

Bó bá wá di dandan kí wọ́n sọ jíà kalẹ̀, ẹ má ṣe pààrọ̀ díìsì, àwo tó ń mú nínú kílọ́ọ̀ṣì, nìkan. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ ò sì ní fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì. Díìsì, prẹ́ṣọ̀ pléètì tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, àti rìlíìsì, kí wọ́n jọ wọlé pọ̀. Kí ẹ fúnra yín wo ojú fúláíwíìlì, àgbá irin ẹ́ńjìnnì tí díìsì ń lẹ̀ mọ́: bó bá ní àmì búlúù tàbí kó ti sán, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin dán an. Ẹ wo síìlì ẹ̀yìn kíránkì náà. Bó bá ń jo òróró díẹ̀, ẹ pa á dà nígbà tí ibẹ̀ ṣì ṣí, torí òróró tó bá ta sára díìsì tuntun ti pa á nìyẹn. Díìsì tòkúnbọ̀ dára bí ẹ bá mọ̀ ọ́n wò. Ẹ fi èékánná wọn ìjìnlẹ̀ láti ojú díìsì dé orí rífẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ mì í sí etí, kí sípíríìngì àárín rẹ̀ má han. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Ti òróró gíábọ́ọ̀sì: ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà èyí tí wọ́n bá rí lórí káńtà sí i. Oríṣi kan tí wọ́n kọ GL-5 sí lára wà, kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń jẹ òrùka bàbà tó ń ran jíà lọ́wọ́ láti wọlé nínú gíábọ́ọ̀sì àtijọ́. GL-4 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́. Ti 504, ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá sọ pé òróró ẹ́ńjìnnì 20W-40 ni wọ́n ń dà sínú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín, ẹ má tijú láti gbé e han ẹni tó ń ṣe é.

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣe ti jíà kẹta, ó kú lójú ẹsẹ̀. Rìfáàsì nìkan ló ń ké, àwọn tó kù ń wọlé wẹ́rẹ́.

Mẹkáníìkì Ìpẹ̀rù

A jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì yín dára. Rìfáàsì kò ní òrùka tó ń dá a dúró bí àwọn jíà tó ń lọ síwájú ṣe ní, ọ̀pá inú gíábọ́ọ̀sì ṣì ń yí nígbà tí ẹ ń fi í sí i. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ́kọ́ fi sí jíà kìíní kí ọ̀pá yẹn lè dúró, láìgbé ẹsẹ̀ kúrò kí ẹ wá fi sí rìfáàsì. Bó bá ṣì ń ké lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo omi kílọ́ọ̀ṣì.

Tíṣà Ìkẹ́nẹ́

Inú mi dùn sí ìjíròrò yìí, torí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń lọ tán lójú wa. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fi jẹ Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó lóṣù kan náà. Àwọn Faransé dáwọ́ ṣíṣe 504 sàlúùnù dúró nílé wọn ní 1983, Kàdúná sì ń tò ó lọ fún ohun tó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Ìdí nìyẹn tí pátì rẹ̀ fi ṣì wà káàkiri, tí mẹkáníìkì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún fi lè tú u ká láìwo ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá jogún ọ̀kan, kó má yára tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ẹni tó bá ń wa Ìjàpá, kó fi èyí sọ́kàn. Kò ní ràdíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ lára, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló sì ń yí fáánù àti jẹnẹrétọ̀ pọ̀. Bí iná pupa bátìrì bá tàn lójijì nígbà tí ẹ ń sáré, ẹ má rò pé bátìrì lásán ni, kí ẹ ní ẹ ó délé kí ẹ tó wò ó. Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já, afẹ́fẹ́ kò sí mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì kí ẹ tó dé abúlé tó kàn. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa á. Rìfáàsì rẹ̀ náà ní ọ̀nà tirẹ̀: ẹ tẹ ọ̀pá jíà wọlẹ̀ ná, kí ẹ tó fà á sí òsì àti sẹ́yìn.

Ọmọ Ògèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ti ẹ́síprẹ́ẹ̀sì. Láti 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni àwọn tírélà ti fi ilé wa ṣe ibùdókọ̀. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ àgbà kọjá níbí, kó mọ̀ pé wọ́n lè yà bọ́ sójú ọ̀nà nígbàkígbà. Ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni òfin fún ọkọ̀ ara ẹni lórí ẹ́síprẹ́ẹ̀sì, ọgọ́rin lórí àwọn òpópónà mìíràn, àádọ́ta láàárín ìlú. 504 àgbà kò nílò ọgọ́rùn-ún yẹn. Ẹ wà ní apá ọ̀tún ní ọgọ́rin, ọkàn yín á balẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kọjá tírélà, ẹ ti sọ ọ́ kalẹ̀ sí jíà kẹta kí ẹ tó yà jáde. Ẹni tó bá fi jíà kẹrin yà jáde tí ẹ́ńjìnnì ń kérora lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, ibi tó léwu jù lọ lójú ọ̀nà ló wà.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà nínú àmì róbótó kékeré lópin àwọn lẹ́tà DOT: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí ilé fún ìgbà pípẹ́, táyà rẹ̀ lè ní ojú tó dára kó sì ti kú nínú. Má gbé e dé ẹ́síprẹ́ẹ̀sì.

Ìyá Ìbejì, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú ìrántí ti táyà. Lásìkò òjò, bí ẹ bá gba inú omi kọjá, ẹ rọra tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ bí ẹ ti ń lọ kó lè gbẹ. Kí ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Àti ọjọ́ Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ gbé ọkọ̀ alájíà kalẹ̀ síta ìlú kí ẹ fi ẹsẹ̀ tàbí ọ̀kadà wọlé. Fífà bí ìgbín láti àárọ̀ nínú oòrùn, kílọ́ọ̀ṣì á gbóná, ràdíétọ̀ á máa hó, ẹ ò sì ní rí àyè yà sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ti títi ọkọ̀ kó lè sítáàtì. Bí sítátà bá kọṣẹ́, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ fi sí jíà kejì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa tì yín. Jíà kejì ló dára, ti kìíní máa ń dá táyà dúró gbàgà. Bó bá ti ń yí tó eré ẹni tó ń sáré, ẹ já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá sì ti mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà kíá kí ẹ fi iná gbà á. Àmọ́ bí bátìrì bá ti kú pátápátá, tí iná iwájú yín ò lè tàn rárá, ẹ má wulẹ̀ pa àwọn ọmọ kú sẹ́yìn ọkọ̀, kò sí iná tí kọ́íìlì máa fi ṣiṣẹ́.

Ohun tó wà nínú búùtù tèmi: táyà ìsinmi tó ní afẹ́fẹ́ nínú, jáàkì àti sípánà rẹ̀, C-caution, ohun ìpaná, igi wẹ́jì, gálọ́ọ̀nù omi, omi bíréèkì, bẹ́líìtì fáánù, plọ́ọ̀gì, kọ́ńtáàtì àti kọ́ńdẹ́ńsà rẹ̀, fíúùsì, okùn ìfàkọ̀, tọ́ọ̀ṣì. Kọ́ńdẹ́ńsà yẹn kéré, kò sì wọ́n, òun ló sì máa ń dá ọkọ̀ àtijọ́ dúró jù láàárín igbó tí kò sí ẹni tó ń tà á.

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ̀yin bàbá, bí kílọ́ọ̀ṣì bá wá kọṣẹ́ pátápátá lójú ọ̀nà ńkọ́? Láàárín Ìrólú sí Àgọ́, kò sí ilé mẹkáníìkì tó pọ̀.

Bàbá Takisí, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọkọ̀ alájíà lè délé láìsí kílọ́ọ̀ṣì, bí ọ̀nà bá ṣófo. Pa ẹ́ńjìnnì. Fi sí jíà kìíní nígbà tó ti kú. Wo iwájú, kí ó má sí ẹnikẹ́ni. Yí kọ́kọ́rọ́: sítátà á gbé ọkọ̀ fò síwájú, ẹ́ńjìnnì á mú, ó sì ti ń lọ nìyẹn. Jẹ́ kí ó sáré díẹ̀, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ní àkókò náà gan-an fa ọ̀pá jíà sí fíríì, á jáde wẹ́rẹ́. Dúró kí ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, máa ti ọ̀pá náà sí jíà kejì fẹ́ẹ́rẹ́, láìfi agbára. Bí eré wọn bá ti bára mu, ó máa yọ́ wọlé fúnra rẹ̀. Bó bá ń ké, o yára jù, dúró díẹ̀ sí i. Kejì tàbí ẹ̀kẹta ni kó o fi délé, kó o tan iná ìkìlọ̀ méjèèjì. Bó o bá fẹ́ dúró, fa á sí fíríì kó o tó tẹ bíréèkì. Má fi bẹ́ẹ̀ wọ àárín ọjà, má sì gbé e gba ibi tí gósìlóò wà. Dé abúlé tó bá sún mọ́ jù, kó o ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì.

Bó o bá ti mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wàá mọ ti títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì náà fún jíà kejì tí òrùka rẹ̀ ti jẹ: tẹ kílọ́ọ̀ṣì, fíríì, fi í sílẹ̀, tẹná fìrì, tẹ̀ ẹ́ padà, jíà kejì. Àwọn tó wa Bedford ní ayé ìgbà náà kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ọ̀gá mẹkáníìkì, okùn kílọ́ọ̀ṣì Golf tèmi ló ti ń fún báyìí, pẹ́dàlì ti le. Ṣé kí n fi òróró sí i ni, àbí kí n ra òmíràn?

Mẹkáníìkì Ìpẹ̀rù

Ẹ ra òmíràn. Okùn tó bá ti ń le, àwọn wáyà inú rẹ̀ ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, òróró kò lè so wọ́n padà. Ẹ tú ti àtijọ́ kí ẹ mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí káńtà, kí ẹ wo gígùn wọn, ti inú àti ti awọ òde. Ẹ wo orí rẹ̀ níbi tó ti kọ́ pẹ́dàlì, torí ti Golf 2 àti ti Golf 3 kì í ṣe ọ̀kan náà, àwọn tó ń tà á sì máa ń pa wọ́n pọ̀ sínú páálí kan. Kí ẹ tó san owó, ẹ fi ọwọ́ fa okùn inú tuntun náà síwá-sẹ́yìn. Bó bá ń ha, ẹ gbé e padà fún wọn.